Ṣọ́ọ̀kì Tó Ń Gbọ́ràn sí Bọ́tìnnì

Ní Zuba, kí alùpùpù ńlá tó dorí kọ ọ̀nà Lokoja, ẹni tó gùn ún á fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwòrán àṣíborí kan á yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá tún un tẹ̀, àṣíborí kan pẹ̀lú àpótí ẹrù. Tó bá tún un tẹ̀, àṣíborí méjì, ìyẹn ni pé ìyàwó ti gun ẹ̀yìn. Nísàlẹ̀ ìjókòó, mọ́tò kékeré kan á kùn díẹ̀, ìdí alùpùpù á sì rọra gbéra sókè. Kò sí pé à ń wá sípánà, kò sí pé à ń bẹ mẹkáníìkì.

Láti 2006 tí Nasir El-Rufai, mínísítà Abuja nígbà náà, ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, ẹni tó bá gbọ́ alùpùpù tó ń bú ramúramù ní Maitama ti mọ̀ pé olówó ló ń bọ̀, tàbí àwọn tó ń lànà fún ọkọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n olówó náà kì í fẹ́ fowó ṣòfò. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú páwà báìkì wọ̀nyí, ẹni tó sì fẹ́ ra èyí tó ti lo ọdún mẹ́wàá lókè òkun ní láti béèrè bóyá ṣọ́ọ̀kì oníná yẹn ṣì ní ẹ̀mí nínú.

Kò sí awo nínú ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì ló ń gba ẹrù dúró. Ọ́ìlì inú rẹ̀, tó ń gba ihò tóóró kọjá, ni kì í jẹ́ kí sípíríǹgì náà máa jó lọ jó bọ̀. Lára alùpùpù àtijọ́, ọwọ́ la fi ń yí i le tàbí kí á dẹ̀ ẹ́. Ní 2004, BMW gbé K1200S jáde tó fi mọ́tò kékeré ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Ducati náà gbé tirẹ̀ dé ní 2010, lára Multistrada 1200 S. Nígbà tó fi máa di 2013, R1200GS ti BMW ti ní sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí táyà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì máa pàṣẹ fún fáàfù inú ọ́ìlì kí ojú tó ṣẹ́.

Iná inú ṣọ́ọ̀kì yìí ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, ẹ̀rù náà kò sì sí níbi tó yẹ kó wà. Mọ́tò tó ń gbé sípíríǹgì lè má ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóòjọ́. Ọ́ìlì àti rọ́bà tó sé e mọ́ inú ni kò sinmi rí: gbogbo kòtò, gbogbo bọ́m̀pù, orí wọn ló ń bọ́ sí. Ìtìjú tó tóbi jù tí irú ṣọ́ọ̀kì yìí kó bá BMW gan-an kò kan iná. Ní oṣù Òkúdù 2014, ilé iṣẹ́ náà sọ fún àwọn tó ra R1200RT tuntun pé kí wọ́n má gùn ún mọ́ títí wọn yóò fi pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, nítorí ọ̀pá inú rẹ̀ lè kán. Irin ni o, kì í ṣe wáyà.

Ọ̀nà Gwagwalada sí Abaji kì í ṣe ọ̀nà Jámánì. Ọyẹ́ ń da eruku sórí ọ̀pá tó ń dán yẹn, ọ̀pá á kó o wọ ẹnu rọ́bà, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í fá, ọ́ìlì á wá ọ̀nà jáde. Bákan náà ni ibi ìfọkọ̀: ọmọ tó ń fi omi alágbára fọ abẹ́ ìjókòó lè fún omi wọ ojú ibi tí wáyà ti so kọ́ra, kí ó dípẹtà. Nígbà tí iná ìkìlọ̀ bá tàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ta ni yóò rántí ọjọ́ yẹn?

Àtúnṣe ló wá ń dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀. Mẹkáníìkì Apo tó mọṣẹ́ lè tú ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà, kó pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì, kó sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kì í sábà ta ohun inú ṣọ́ọ̀kì oníná lọ́tọ̀. Odidi ni wọ́n máa ń fẹ́ kí o rà, odidi náà sì wọ́n. Àwọn tó ń tú u wà ní Yúróòpù, Wilbers ní Jámánì sì ń ṣe èyí tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ti iná kò le tó bẹ́ẹ̀: GS-911, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ṣe ní Gúúsù Áfíríkà, lè bá kọ̀ǹpútà BMW sọ̀rọ̀ kó sì sọ ibi tó ń dùn ún.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì, kó tẹ bọ́tìnnì, kó sì fetí sílẹ̀ bóyá mọ́tò ń kùn, bóyá ìdí ń gbéra. Kí ó wá fi gbogbo ara tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, kó jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ó yẹ kó dìde lẹ́ẹ̀kan, kó dákẹ́. Tó bá ń mì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ọ́ìlì ti tán lára rẹ̀, bí dáṣíbọ́ọ̀dù tilẹ̀ ń dán bíi dígí. Lẹ́yìn náà, kó fi aṣọ funfun nu ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Eruku lásán kò burú. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì dúdú ló tẹ̀lé aṣọ náà, kí ẹni tó ń tà yọ owó ṣọ́ọ̀kì kúrò kí wọ́n tó tún ná an.