Káńfọ̀, Karosíìnì àti Omi: Àwọn Nǹkan Tí À Ń Dà Sínú Ẹ́ńjìnnì Nítorí Kábọ̀nù

Ẹ má bínú sí ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi, Upper Iweka ni mo wà, ẹ sáà mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí láàárọ̀ Mọ́ńdè. Àbúrò wa kan béèrè lánàá pé ṣé òótọ́ ni pé a lè fi nǹkan ilé fọ kábọ̀nù inú ẹ́ńjìnnì, ká má ra oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà ní Nkpor, tó ti wọ́n gógó.

Ẹ wo dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi igi dá. Bí kábọ̀nù ṣe rí nìyẹn. Bẹntiróòlù tí kò jóná tán àti ọ́ìlì tó ń jò wọlé ló ń fà á, á wá lẹ̀ mọ́ orí písítìnì, ẹ̀yìn fáàfù, ẹnu nósù àti ojú pùlọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ tó bá ń wọ́ nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ láti ibí dé orí afárá Niger lójoojúmọ́ ló máa ń ní in jù.

Karosíìnì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló dun èmi. Oníbàárà mi kan tó ń fi Sienna ná Asaba da lítà mẹ́rin mọ́ bẹntiróòlù ogún lítà. Karosíìnì máa ń gbiná fúnra rẹ̀ kí iná tí pùlọ́ọ̀gì ṣá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn kọ-kọ-kọ, ọkùnrin náà ní kábọ̀nù ló ń já. Nígbà tí a tú u, písítìnì kan ti fọ́. Ọkọ̀ tó fi ń bọ́ ọmọ ni o.

Káńfọ̀ ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ń rú èéfín dúdú tó bá ń jóná, báwo ló ṣe fẹ́ fọ dúdú? Àwọn kan tí wọ́n ń tà báyìí kì í tiẹ̀ ṣe káńfọ̀ àtijọ́, chlorine wà nínú wọn, ó sì ń di ásíìdì tó ń jẹ irin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń da tínà tàbí spirit sí i, ẹ rántí ọdún 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ba rọ́bà àti páǹpù epo jẹ́.

Omi nìkan ni mi ò lè bú pátápátá. Tí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́pù bá jó, tí omi ń wọ sílíńdà kan, ìgbà tí a bá ṣí i, písítìnì yẹn á mọ́ fóò láàárín àwọn yòókù. Ooru omi ló ń ṣí kábọ̀nù. Ṣùgbọ́n omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bó bá pọ̀ díẹ̀ jù, ó lè tẹ kọ́nrọ́ọ̀dù. Èmi ò kí ń ṣe é fún oníbàárà.

Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ti ìgò, polyetheramine, PEA, ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wá a lára ìgò, kò sí bí a ṣe lè sè é nílé. Ọkọ̀ tuntun tí nósù rẹ̀ ń fọ́n epo sínú sílíńdà tààrà, oògùn inú táǹkì kò lè dé ẹ̀yìn fáàfù rẹ̀ rárá. Ẹ má fowó ṣòfò níbẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín: ẹ tú pùlọ́ọ̀gì, ẹ fi bẹntiróòlù díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ fi àkísà nu inú throttle, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí iná má sí nítòsí. Ẹ má fọwọ́ kan sensor afẹ́fẹ́. Ẹ pààrọ̀ fílítà. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ọkọ̀ dé Awka, kó sá dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ wò bí mo ṣe ń nu throttle, kó wá ní Sátidé, àárọ̀ kùtù, torí a ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù ná.