Ẹ Má Tíì Kówó Èésú Lé Họ́ọ̀mù Tíátà: Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ!

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin tọkọtaya, tó sì ń gbówó lọ lápò ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ họ́ọ̀mù tíátà ni. Baálé ilé á ti ìsọ̀ dé lálẹ́, á tan fíìmù, á ní ohùn rẹ̀ kò dùn mọ́, pé bí òjò bá ń rọ̀ nínú fíìmù nílé aládùúgbò, ńṣe ló máa ń dà bíi pé orí òrùlé ló ń rọ̀ sí. Kí ìyàwó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, owó èésú tí wọ́n fẹ́ fi kún ọjà ti dé Alábà l'Ékòó. Bàbá ti lọ ra ọpọlọ tuntun!

Ṣé kò yẹ kéèyàn gbádùn ilé rẹ̀ ni? Ó yẹ kẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà.

Kí ló ń jẹ́ ọpọlọ? Inú àpótí tí a máa ń ki DVD bọ̀ ló wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tú ohùn tí wọ́n dì sínú fíìmù, kó sì pín in bí ìyá alájọ ṣe ń pín owó. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré á lọ sí sípíkà àárín, orin á lọ sí méjì iwájú, ariwo ọkọ̀ tàbí ti òjò á lọ sí méjì ẹ̀yìn, ìró tó ń mi ilẹ̀ á lọ sí sọ́búfà. Mẹ́fà ni gbogbo wọn. Òun ni wọ́n ń kọ ní 5.1 sára páálí.

Ọ̀gbẹ́ni Ray Dolby, ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá iléeṣẹ́ Dolby sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1965. Ọdún 1982 ni Dolby Surround wọ inú ilé àwọn èèyàn. Lọ́dún 1987, Pro Logic dé, tó ya ọ̀rọ̀ ẹnu sọ́tọ̀ fún sípíkà àárín. Lọ́dún 1992, Dolby Digital bẹ̀rẹ̀ ní sinimá, òun náà ló wá wọ inú DVD. Atmos tó ń mú ohùn wá láti òkè dé sinimá lọ́dún 2012, ó sì wọlé lọ́dún 2014. Ẹ rí i pé bí ọdún ṣe ń yí ni ọpọlọ ń yí. Àpótí tí wọ́n ṣe kí Atmos tó dé kò lè tú Atmos, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ibo wá ni wàhálà wà? Nínú họ́ọ̀mù tíátà tó pọ̀ jù nílé wa, ọpọlọ, agbára àti ojú DVD, inú àpótí kan náà ni wọ́n wà. A kò lè yọ ọpọlọ nìkan. Àpótí ńlá tí wọ́n ń pè ní rìsífà lèèyàn máa rà. Bí ó bá délé, ẹ wo ohun tó máa ń tẹ̀ lé e.

Àkọ́kọ́, sọ́búfà àtijọ́ lè yadi. Ara àpótí àtijọ́ ló ti ń gba agbára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rìsífà kì í fún sọ́búfà lágbára, ohùn lásán ló ń fi ránṣẹ́. Sọ́búfà tó ní wáyà iná tirẹ̀ ló ń fẹ́. Owó mìíràn nìyẹn.

Ìkejì, ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà yín. Wọ́n máa ń kọ ohm síbẹ̀. Ti họ́ọ̀mù tíátà alápòótí kan sábà máa ń jẹ́ 3 tàbí 4, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ rìsífà ń fẹ́ 6 sókè. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni sípíkà ṣe ń fa agbára tó. Rìsífà á gbóná, á máa kú fúnra rẹ̀, ó sì lè jóná.

Ìkẹta, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Iná 120 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ẹni tó bá kì í bọ iná wa láìwo ẹ̀yìn rẹ̀, èéfín ló máa rí.

Ẹni tó ní ọpọlọ nìkan lòun fẹ́ rà ti di ẹni tó ń ra sọ́búfà, tó ń ra sípíkà. Ṣebí àwọn àgbà ti sọ ọ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó, ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò. Ọ̀fẹ́ ni.

Wáyà wo lẹ fi so tẹlifíṣàn mọ́ àpótí? Bó bá jẹ́ wáyà pupa àti funfun, ohùn méjì péré ló ń gbé. Ọpọlọ lè méfò yòókù, ṣùgbọ́n àmèfò ni. Ẹ lo HDMI sí ojú tí wọ́n kọ ARC sí, tàbí wáyà optical tí ẹnu rẹ̀ máa ń tan iná pupa.

Ẹ pe ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà, kó wọ ibi ètò ohùn lórí tẹlifíṣàn. Bó bá wà lórí PCM, kó gbé e sí Bitstream. Ohùn méjì ni PCM sábà máa ń fi ránṣẹ́.

Ibo lẹ gbé sípíkà sí? Àwọn kan a kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí tẹlifíṣàn bí ẹni to tòmátì! Ẹ gbé ti àárín sábẹ́ tẹlifíṣàn, kí ẹ gbé méjì ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ etí yín, kó fà sẹ́yìn díẹ̀. Pupa pẹ̀lú pupa, dúdú pẹ̀lú dúdú. Bí wáyà kan bá yí padà, ìró ilẹ̀ á tín-ín-rín.

Ẹ sì wo fíìmù fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ohùn méjì ṣe é, ẹ má dá àpótí lẹ́bi.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí kò sì dùn síbẹ̀, ó yá, ẹ lọ ra tuntun. Ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn sípíkà àti ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, kí ẹ mú un dání. Ẹ ní kí wọ́n fi fíìmù dán an wò, kì í ṣe orin Bluetooth, torí ohùn méjì nìyẹn náà. Bí ẹ bá rí PMPO lára páálí, kódà kó jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì, ẹ rántí kọ́ńgò tí wọ́n ti ìdí rẹ̀ wọnú. RMS ni kí ẹ bèèrè, òun ni òṣùwọ̀n tòótọ́. Kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, owó ọjà kì í ṣe owó fàájì. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má kàn máa bínú, ẹ bá wọn wo ẹ̀yìn àpótí. Ẹni tó bá ti ra ọpọlọ tuntun rí, kó kọ̀wé sí wa, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.