Ìwà Arìnrìn-àjò Ni Kí Ẹnubodè Wò

Bí bàálù láti Èkó bá balẹ̀ sí Atlanta, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló ń lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n ń tò sí yàtọ̀ síra. Àwọn kan á kọjú sí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ojú, ẹ̀rọ á dá wọn mọ̀, òṣìṣẹ́ á sì yọ̀ǹda wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tó kù á dúró pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù títí yóò fi kàn wọ́n. Ètò tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni wọ́n ń pè ní Global Entry, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, CBP, ló sì ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á san dọ́là 120 (dọ́là 100 ni kó tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2024), wọ́n á yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, ti aṣọ́bodè àti ti ìmígíréṣọ̀n, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n á sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Bó bá yege, á lè lò ó fún ọdún márùn-ún. Mo gbà pé ètò náà bọ́gbọ́n mu. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé ìwé ìrìnnà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó wo ìwà ẹni tó mú un lọ́wọ́.

Ìdí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi wà kò ṣòro láti lóye. Àsìkò tí òṣìṣẹ́ bá lò lórí ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá léraléra láìṣẹ̀ ni àsìkò tí kò ní rí lò lórí ẹni tó yẹ kó fura sí. Láti 1993 ni Amẹ́ríkà ti ń wá ojútùú sí i: ètò INSPASS bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ JFK àti Newark, níbi tí arìnrìn-àjò ti ń gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ tó ń wọn bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe rí. Ọdún 2002 ni wọ́n pa á tì. Ní pápákọ̀ Schiphol, lórílẹ̀-èdè Netherlands, 2001 ni ètò Privium bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹyinjú dá èrò mọ̀. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2004 pa á láṣẹ fún ìjọba Amẹ́ríkà pé kó gbé ètò kalẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n ti wádìí ṣáájú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008 ni wọ́n dán Global Entry wò ní JFK, Dulles àti Houston, ó sì di ètò tó fìdí múlẹ̀ ní 2012. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ọ̀daràn lè fi ìwà rere bojú títí á fi gba káàdì ètò náà kò ṣàṣìwí, àmọ́ ìwádìí náà kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á wọlé. Wọ́n ṣì ń yẹ orúkọ àwọn tó wà nínú ètò wò lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ sì lè dá ẹnikẹ́ni nínú wọn dúró kó tú ẹrù rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní owó ni wọ́n fi ń ra iwájú ìlà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n dọ́là 120 fún ọdún márùn-ún kò ju dọ́là 24 lọ́dún lọ, ìyẹn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí òbí rẹ̀ wà nínú ètò, kì í san kọ́bọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọni lára jù ni ti ìwé ìrìnnà, Ìlú Ọba sì fi èyí hàn gbangba. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n ti ṣí géètì oní-kọ̀ǹpútà wọn fún ọmọ orílẹ̀-èdè méje: Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand, Japan, Singapore àti Gúúsù Kòríà. Wọn ò gbowó fún géètì náà, wọn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni kọ ìwé ìbéèrè torí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó tán níbẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tí kò dé London rí á gba géètì kọjá, nígbà tí oníṣòwò láti Ìbàdàn, tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ogún ọdún tí kò sì pẹ́ ju ọjọ́ tí físà rẹ̀ gbà á láyè rí, á wà lórí ìlà. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ìjọba London mọ̀ jù?

Bákan náà ni Global Entry. Ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní gíríìn káàdì lè béèrè, títí kan ẹni tó ṣì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Lẹ́yìn wọn, ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè tó bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn nìkan ni, irú bíi Jámánì, Íńdíà, Kòlómbíà, Singapore àti Brazil. Ọmọ Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá lọ, lè béèrè. Ará Abẹ́òkúta tó ń gbé nílé kò lè béèrè, bó ti wù kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ tó. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó gba físà ní Èkó ti jókòó síwájú òṣìṣẹ́ kọ́ńsúlù, ó ti dáhùn ìbéèrè, ó ti tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, gbogbo ìgbà tó wọlé àti ìgbà tó jáde ló sì wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ìwádìí náà ti wáyé, àǹfààní tó yẹ kó tẹ̀lé e ni kò sí. Dípò kó pọ̀ sí i, ṣe ló ń dín kù: ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ físà ìbẹ̀wò fún ọmọ Nàìjíríà á di ti oṣù mẹ́ta àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, láìka bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe pa àdéhùn físà rẹ̀ mọ́ sí.

Àwọn ará New York pàápàá ti tọ́ irú rẹ̀ wò. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá wọn dúró láti wọ Global Entry tàbí láti tún orúkọ wọn fi sílẹ̀, torí pé ìpínlẹ̀ náà ṣòfin tó jẹ́ kí ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, tí kò sì jẹ́ kí àwọn aṣọ́bodè wo àkọsílẹ̀ àwọn awakọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn tí wọ́n dí lọ́nà náà dá. Oṣù Keje ni wọ́n yí i padà, nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba jẹ́wọ́ fún kóòtù pé àwọn kan nínú ohun tí wọ́n ti sọ nípa ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ibi tí ènìyàn ti wá díwọ̀n rẹ̀, olóṣèlú lè sọ ìlà pápákọ̀ di pàṣán.

Àtakò kan wà tó lágbára, kò sì yẹ ká fojú fò ó. Amẹ́ríkà lè sọ pé òun mọ ohun tí ènìyàn ṣe lọ́dọ̀ òun, òun ò mọ èyí tó ṣe nílé. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Íńdíà, tí wọ́n ṣí ètò náà fún ní 2017, fi gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ìjọba tirẹ̀ kọjá, tí ọmọ Ìlú Ọba náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ti ìjọba ní London. Iṣẹ́ Nàìjíríà nìyí, àwa tí à ń ráhùn ló sì yẹ kó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Àbújá. Ènìyàn tó ti gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ti ju 100 mílíọ̀nù lọ, kò sì sẹ́ni tó ń gba ìwé ìrìnnà tuntun láìní in. Ní 2024 ni wọ́n gbé géètì oní-kọ̀ǹpútà dé pápákọ̀ Èkó. Ohun tó kù ni kí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, èyí tí ènìyàn ń lọ tẹ̀ka fún ní Alagbon ní Ìkòyí, di èyí tí orílẹ̀-èdè mìíràn lè gbẹ́kẹ̀ lé, kí ìjọba sì jókòó dúnàá-dúrà lórí rẹ̀. Mi ò sọ pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n títí ìyẹn á fi ṣeé ṣe, kò sí ohun tó ní kí Amẹ́ríkà má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ẹni tó ti wà nínú Global Entry, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oúnjẹ lè lé e jáde. Ẹran gbígbẹ, kílíṣí, èso tútù tí ìyá fi sínú àpò láìsọ fún aṣọ́bodè lè fa ìtanràn tó tó dọ́là 1,000, káàdì á sì bá a lọ. Ohun jíjẹ yòówù tó bá wà nínú ẹrù, ẹ kéde rẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹrù nìkan lẹ pàdánù, nítorí ẹni tó kéde kì í san ìtanràn. Inú mi dùn pé òfin yìí wà, torí ìwà ló ń wò. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń gba káàdì náà padà ló máa ń kúrú jù: ó lè má sọ ju pé ẹni náà kò kúnjú ìwọ̀n mọ́. Àyè wà láti kọ̀wé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wẹ ara rẹ̀ mọ́ nínú ẹ̀sùn tí wọn ò kà sí i létí? Ó yẹ kí wọ́n kọ ohun tó ṣe gan-an sínú lẹ́tà náà, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é àti pápákọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀.