Nígbà Tí Ìrọbí Ológbò Bá Yíwọ́

Ológbò kì í sábà wá agbẹ̀bí. Ẹ ó sùn lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó bá ọmọ mẹ́rin tí wọ́n ti tò sídìí ọmú nínú páálí tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti dà nù. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tètè fura lọ́jọ́ tó bá ṣòro fún un. Ohun tó sì lè gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kí ẹnì kan nínú ilé máa wo aago.

Nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 ni oyún rẹ̀ máa ń gbà. Bó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á máa jáde, á máa wọlé, á máa fi èékánná ha aṣọ, oúnjẹ ò ní wù ú, ó sì lè máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó bá ní tẹmómítà á rí i pé ara rẹ̀ tó máa ń wà ní 38 sí 39°C ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 37.8. Apá yìí lè gba odindi ọjọ́ kan. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa yọjú wò ó.

Ìgbà tó bá ń ti ọmọ gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ara páálí, ikùn á le gbandi, á sì máa fún bí ẹni tó ń yàgbẹ́ líle. Bó bá ti ṣe báyìí fún 30 ìṣẹ́jú tí ọmọ kò yọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí orí tàbí ẹsẹ̀ bá yọ tí ọmọ kò jáde tán láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ sáré. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà láìdá, omi tó ń rùn, ìyá tí kò lè gbórí sókè mọ́: ìyẹn kò tún gba wíwo aago.

Ẹsẹ̀ tó ṣáájú nìkan kò gbọdọ̀ já yín láyà. Láàárín èèyàn, Ìgè là ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Láàárín ológbò, Ìgè pọ̀ bí ẹní máa kú. Òkè sì ni gbogbo wọn, torí inú àpò ni wọ́n ń bí wọn sí, ìyá ló ń fi eyín ya á. Bí kò bá tètè ya á, ẹ fi ọwọ́ mímọ́ ya á kúrò nímú ọmọ, kẹ́ ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ún dáadáa títí á fi ké. Bí ìyá bá jẹ ibi ọmọ, ẹ má pariwo, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ibi tó ń rú èèyàn lójú ni ìsinmi. Ológbò lè bí méjì, kó dá a dúró, kó jẹun, kó máa fún wọn lọ́mú, kó tó bí ìyókù lọ́jọ́ kejì. Ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Èyí tí ọmọ há sínú rẹ̀ kì í balẹ̀: á máa yíjú wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, á máa ké, kò ní bìkítà fún àwọn tó ti bí.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù tó ń mú kí ìrọbí yíwọ́ ni pé ilé ọmọ kò lágbára láti ti ọmọ mọ́, pàápàá bí ìyá bá sanra jù tàbí tó ti dàgbà. Ìgbà mìíràn, ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú, ó sì tóbi. Tàbí kó jẹ́ pé ọkọ̀ ti gbá ìyá rí, egungun ìbàdí rẹ̀ jinná ní wíwọ́, ọ̀nà sì há. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kórìíra abẹ́rẹ́ ìrọbí tí àwọn kan máa ń lọ rà ní kẹ́míìsì. Bí ọ̀nà bá dí tí abẹ́rẹ́ sì ń fipá fún ilé ọmọ pọ̀, ilé ọmọ lè ya. Dókítà á kọ́kọ́ ya àwòrán inú rẹ̀, kó tó mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló kàn tàbí iṣẹ́ abẹ.

Ẹ má fa ọmọ tó há lẹ́sẹ̀. Bó bá ti jáde dé àárín, ẹ fi aṣọ mímọ́ di ìbàdí rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí ìyá bá tì, kẹ́ ẹ wá rọra fà á wálẹ̀ síhà ẹsẹ̀ ìyá. Bí kò bá tẹ̀lé yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó àwọn tó ti bí dání, pẹ̀lú ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ́ ẹ fi aṣọ wé. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ kọ nọ́ńbà dókítà tó súnmọ́ yín jù sára ògiri kí ọjọ́ náà tó pé. Òru ni ológbò fẹ́ràn láti bímọ.