Róbọ́ọ̀tì Tó Ń Rìn Nínú Ẹyinjú

Ẹni tó bá ti bu ọbẹ̀ ilá sórí púpurù rí ní Igbotako ti mọ bí inú ẹyinjú ṣe rí. Ó ki, ó ń fà, okùn tín-ín-tìn-ìn-tín ló hun ún bí àwọ̀n. Ohun tó bá bọ́ sí i kì í rìn jìnnà. Inú rẹ̀ ni oògùn ní láti gbà kó tó kan rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀.

Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé ìwádìí Max Planck ní Stuttgart, ní Jámánì, dá ọgbọ́n kan sí i. Wọ́n ṣe róbọ́ọ̀tì tó lọ́ bíi síkúrù. Kò lápá, kò lẹ́sẹ̀, kò ní bátìrì. Fọ́nrán irun orí kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po 200. Ohun tí òòfà lè fà wà lára rẹ̀. Bí agbára òòfà láti ìta bá ti ń yí, òun náà á máa pòòyì, á máa wọlé lọ bí síkúrù tó ń wọ pákó.

Kíkéré nìkan kò tó o, nítorí ohun kékeré náà a máa lẹ̀. Ara ewéko kan tó ṣe bí ìkòkò ni wọ́n ti rí ojútùú. Etí ìkòkò ewéko yìí ń yọ̀ débi pé kòkòrò tó bá bà lé e á já sínú, ewéko á sì fi í ṣe oúnjẹ. Wọ́n fi irú omi yíyọ̀ bẹ́ẹ̀ kun róbọ́ọ̀tì, ó sì rìn láti àárín ẹyinjú dé rẹ́tínà. Ẹyinjú ẹlẹ́dẹ̀ la wí, èyí tí wọ́n ti yọ kúrò lára ẹran.

Ṣáájú èyí, ní Zurich, ní Switzerland, ẹgbẹ́ onímọ̀ róbọ́ọ̀tì Bradley Nelson ti gbé OctoMag jáde ní 2010 fún irú iṣẹ́ inú ojú yìí: òòfà oníná mẹ́jọ tó ń darí róbọ́ọ̀tì tó tóbi ju ti Stuttgart lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 yẹ ojú àwọn tó lé ní 13,000 wò, àwọn tó ti pé ọdún 40 sókè. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní mẹ́rin tí kò ríran. Káátárátì, àìsàn tó ń mú kí lẹ́ńsì ojú ṣú, ló fà á jù; glaukómà, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, tí ìfúnpá inú ẹyinjú sì sábà máa ń dá kún, wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Káátárátì kò dúró de róbọ́ọ̀tì kankan. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti wà tipẹ́. Glaukómà ló burú: kì í sábà dunni, ìríran tó bá sì ti gbé lọ kì í padà. Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, pàápàá tí òbí rẹ̀ ní in, kó lọ bá dókítà ojú, kó ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹyinjú òun.