Ìgbékalẹ̀ Ẹ̀rọ DNS Kékeré fún Ìdáhùn Aláṣẹ ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìfáàrà

Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ni ó rọrùn fún ọmọ ènìyàn láti rántí. Ìlànà DNS, èyí tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní ọdún 1983, ni ó so méjèèjì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ òde nìkan ni ó mọ orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, akẹ́kọ̀ọ́ lè má rí ẹ̀rọ ilé-ìkàwé tí ó wà ní yàrá kejì lò.

Ìtumọ̀ Ìdáhùn Aláṣẹ

Oríṣi ìdáhùn méjì ni ó wà. Èkíní ni ti ẹ̀rọ tí ojúlówó àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni ìdáhùn aláṣẹ. Èkejì ni ti ẹ̀rọ tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí ó sì fi í pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí olùtọ́jú bá fi àṣẹ dig ṣe ìbéèrè, àmì aa yóò hàn lára ìdáhùn aláṣẹ. Kì í hàn lára àgbọ́sọ.

Ìlànà Ìgbékalẹ̀

Olùtọ́jú yóò kọ́kọ́ yan orúkọ ẹkùn. Ní ọdún 2024, ICANN ya .internal sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé. Nítorí náà, koleji.internal bá a mu. Nínú fáìlì named.conf ti BIND, yóò kọ type primary fún ẹkùn náà, yóò sì kọ recursion no, kí ẹ̀rọ náà má baà máa wá ìdáhùn kiri lórí ẹkùn ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ mìíràn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi léèrè ni yóò ṣe ìwákiri. Òun ni yóò sì darí ìbéèrè koleji.internal sọ́dọ̀ aláṣẹ.

Nínú fáìlì ẹkùn, SOA àti NS ń sọ ẹni tí ó ni àṣẹ, A sì ń so orúkọ mọ́ nọ́ńbà. Ohun méjì ni ó gba ìṣọ́ra. Bí àmì ìdánudúró kò bá sí ní ìparí ns1.koleji.internal, BIND yóò fi orúkọ ẹkùn kún un, yóò di ns1.koleji.internal.koleji.internal. Bákan náà, bí nọ́ńbà ìtẹ̀léra inú SOA kò bá lé sí i lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ̀rọ igbákejì yóò gbà pé nǹkan kan kò yí padà, àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni yóò sì máa fi dáhùn.

Àgbálọgbábọ̀

Àṣẹ named-checkzone lè rí àṣìṣe ìkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bí nọ́ńbà bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà mìíràn. Àmì aa yóò hàn lára irọ́ náà bí ó ti ń hàn lára òtítọ́. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí ni pé ẹ̀rọ ni ó ń fi àṣẹ dáhùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ni òtítọ́ wà.