Ẹrẹ̀ etí Libreville ń ṣọ́ kábọ́ọ̀nù fún gbogbo ayé

Ẹni tó ń gbé Sotega, ní Libreville, olú-ìlú Gabon, kò jìnnà sí igbó méjì tó ń bá gbogbo ayé dín ooru kù. Igbó Akanda wà ní àríwá ìlú. Igbó Pongara wà ní òdìkejì ẹnu odò ńlá tí Libreville dojú kọ. Ọdún 2002 ni ìjọba ya méjèèjì sọ́tọ̀, pẹ̀lú ọgbà ìṣẹ̀dá mọ́kànlá mìíràn. Igi ẹ̀gbà pọ̀ níbẹ̀, igi etí omi iyọ̀ tó dúró lórí gbòǹgbò bí ẹni tó gun agéré. Àwọn tó wà ní Pongara wà lára àwọn tó ga jù láyé: wọ́n lé ní mítà 60.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀gbà ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ ń tú síta, ó sì ń fi í dàgbà. Àmọ́ inú ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ. Ewé tó rẹ̀ àti gbòǹgbò tó kú ń rì sínú ẹrẹ̀ tí omi iyọ̀ máa ń bò. Ọ́síjìn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, nítorí náà ìjẹrà ń falẹ̀ gan-an. Kábọ́ọ̀nù lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ìwádìí tí J. Boone Kauffman àti Rupesh Bhomia gbé jáde ní 2017 fi hàn pé hẹ́kítà kan igbó ẹ̀gbà ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà ń tọ́jú nǹkan bí 800 tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù.

Kí ló ń halẹ̀ mọ́ ọn?

Libreville ń gbòòrò. Wọ́n ń gé ẹ̀gbà, wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sí àbàtà, ilé ń dìde. Tí ẹrẹ̀ bá gbẹ, ọ́síjìn á wọlé, ohun tó ti sùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kan tó bá jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀ á di tọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó lé ní mẹ́ta àbọ̀. Ẹja àti edé tó ń sá pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò náà á pàdánù ibùgbé, àwọn apẹja, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Benin àti Nàìjíríà, á sì jìyà rẹ̀.

Ṣé gbígbin ẹ̀gbà mìíràn kò tó?

Gbígbìn dára, ṣùgbọ́n igi nìkan ló ń tètè padà wá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ló kó ẹrẹ̀ náà jọ. Kò sí owó tó lè rà á padà kíákíá. Nítorí náà, ó sàn kí a dáàbò bo èyí tó wà nílẹ̀. Ní 2021, Gabon di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba owó nítorí pé ó dáàbò bo igbó rẹ̀: mílíọ̀nù 17 dọ́là tí Norway gbé kalẹ̀. Ó yẹ kí irú ìsapá yẹn dé orí ẹ̀gbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú: kí ẹnikẹ́ni má ṣe pín àbàtà rẹ̀ fún ilé kíkọ́. Bákan náà ló yẹ kó rí ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, àti ní gbogbo etí òkun wa.